Fíìmù Ọdún Mọ́kànlá

Dókítà náà kò fepo bọyọ̀. Ó gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wo ìyá aránṣọ náà, ó ní, "Mà, ojú òsì yìí ni a máa yọ kúrò. Bí a bá fi í sílẹ̀, kókó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á gba ibẹ̀ wọ ọpọlọ. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹ má jẹun wá o."

Ọjọ́ Ajé ni dókítà sọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ rẹ̀, ẹni tó ń tún aago ṣe, jókòó tì í, ó ń fi àtàǹpàkò nu gíláàsì aago ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ìdọ̀tí ibẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé òun.

"Ṣé a ò lè ní sùúrù di oṣù tó ń bọ̀ ni?" ó béèrè.

"Bàbá, sùúrù yín ló gbé wa débí," ni dókítà fèsì, kò sì rẹ́rìn-ín.

Obìnrin náà kò sunkún. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà sílé, ohun kan ṣoṣo ló bi ọkọ rẹ̀: "Ẹni tó bá ku ojú kan, báwo ló ṣe ń fi okùn bọ ihò abẹ́rẹ́?" Ọkọ ní òun á máa bá a fi bọ̀ ọ́. Obìnrin náà ní, "Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín ń gbọ̀n yìí?"

Ìgbà tí wọ́n wọlé tán ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó sì pe ọkọ rẹ̀ ní orúkọ tí kò pè é láti ọdún mọ́kànlá.

"Bàbá Ẹ̀ga."

Àpò oògùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

"Ẹ bá mi kó àwòrán wọ̀nyẹn wá. Àwọn tí ẹ fi kámẹ́rà olójú méjì yà. Gbogbo ìgbà ni mò ń sọ pé ọkàn mi ò tíì gbé e. Ó dáa, bó gbé e, bí kò gbé e, mo fẹ́ wò ó. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi pé ojú méjèèjì lèèyàn fi ń wò ó kí ó tó dìde dúró. Bó bá di Ọjọ́bọ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Mo fẹ́ kí ọmọ mi dìde dúró níwájú mi lẹ́ẹ̀kan péré."

"Wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù," ni ọkọ wí. "Màá kó wọn wá."

Irọ́ ni. Kò sí àwòrán kankan ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí níbòmíràn.

Aago ló ń bọ́ ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ kámẹ́rà olójú méjì ni ọkàn rẹ̀ wà. Àwọn ará àdúgbò tilẹ̀ sọ ọ́ ní Olójú-Méjì. Àwọn aláwàdà wọn ní bó bá fi awò ojú rẹ̀ kún un, ó di Olójú-Mẹ́rin. Kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ mẹ́tàdínlógún ló wà lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn mìíràn dàgbà jù ú lọ: irin tó wúwo, awọ tó ti ń ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́ǹsì méjì tó jìnnà síra bí ojú èèyàn ṣe jìnnà síra. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwòrán méjì ló máa mú, ọ̀kan bí ojú òsì ṣe rí nǹkan, èkejì bí ojú ọ̀tún ṣe rí i. Tí o bá wá to méjèèjì sínú awò kékeré kan tí wọ́n ń gbé sójú, tí o kọjú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, àwòrán méjì á di ẹyọ kan, ohun tó wà níwájú á yọ síwájú, tẹ̀yìn á fà sẹ́yìn, bíi fèrèsé tí èèyàn lè na ọwọ́ bọ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wọn, obìnrin. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi láti òwúrọ̀ dalẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ẹ̀ga. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, bàbá rẹ̀ fi kámẹ́rà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà tẹ̀lé e kiri ilé ní ọjọ́ ìsinmi kan. Nígbà tí fíìmù kù díẹ̀ kó tán, kámẹ́rà náà há. Kò lọ síwájú, kò bọ̀ sẹ́yìn. Bàbá ní òun á tú u bó bá di ọ̀la. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ibà gbé Ẹ̀ga dálẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó gbé e lọ.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìyá rẹ̀ béèrè pé, "Àwòrán ọjọ́ yẹn ńkọ́?" Ọkùnrin náà kò tíì lè fọwọ́ kan kámẹ́rà yẹn rárá. Ṣùgbọ́n ó wo ojú tí ìyàwó rẹ̀ fi béèrè, kò lè sọ pé òun kò tíì fọ fíìmù náà, pé ó ṣeé ṣe kí ohunkóhun má sí nínú rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n jáde dáadáa. Ìgbàkígbà tí o bá ṣe tán, wọ́n wà níbẹ̀." Alẹ́ ọjọ́ náà ni obìnrin yìí kọ́kọ́ sun oorun tó já sí nǹkan. Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún, bí ọjọ́ tí Ẹ̀ga kú bá pé, á ní, "Wọ́n ṣì wà níbẹ̀, àbí?" Ọkọ á ní, "Wọ́n wà níbẹ̀." Ọdún ń gorí ọdún, kámẹ́rà náà ń wúwo sí i lójú rẹ̀, títí tó fi tì í sẹ́yìn àwọn tó kù. Bó bá ṣí i tó bá òfìfo, ta ni yóò sọ fún un?

Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ pé ogún. Ọdún mọ́kànlá péré ni, ó sì ku ọjọ́ mẹ́ta.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé kámẹ́rà náà sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó gbìyànjú láti fi agbára wọ́ fíìmù náà, ó gbọ́ bí nǹkan ṣe dún pẹ́ẹ́ nínú rẹ̀, ó yára jọ̀wọ́ rẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ ṣí i. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wọ inú rẹ̀ bó ti wù kó kéré tó, ó ti parí nìyẹn. Ó pe ẹni mẹ́ta tó mọ̀ pé wọ́n ń fọ fíìmù rí. Ọ̀kan ti kú. Èkejì ti ń ta fóònù báyìí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ẹ̀kẹta ní kó fi ránṣẹ́ sókè òkun, pé láàárín oṣù kan ààbọ̀ á ti padà dé.

"Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ ẹ," ni ọkùnrin náà ń sọ, "Ọjọ́bọ̀ yìí!" Ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ti pa fóònù.

Ó jókòó, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí àwọn aago oníbàárà. Ibẹ̀ ló ti rántí Ìyá Eegun.

Ìyá Eegun ni wọ́n ń pe obìnrin náà nítorí pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi wà nínú yàrá òkùnkùn ilé ìwòsàn, tó ń fọ fíìmù tí wọ́n fi ń ya eegun aláìsàn. Eegun ni o, kì í ṣe eégún. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń tọ́ ẹnu ẹni tó bá pè é ṣì sọ́nà. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán hàn lójú gíláàsì dé, wọ́n ní kó máa lọ sinmi. Ó wá ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé. Ó ti gbé aago ara ògiri wá fún Olójú-Méjì tún ṣe rí.

Ọkùnrin náà gbé kámẹ́rà lọ bá a lẹ́yìnkùlé. Ìyá Eegun gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n.

"Ọdún mélòó ló ti wà nínú rẹ̀?"

"Mọ́kànlá, mà."

"Fíìmù aláwọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Àwọ̀ ti lọ nìyẹn. Omi tèmi, dúdú àti funfun nìkan ló mọ̀. Ìyẹn tó bá ṣì mọ̀ ọ́n. Ó dàgbà ju gbogbo adìyẹ tí mo ní lọ." Ó wojú ọkùnrin náà. "Kí lo ń sunkún fún? Omijé kì í fọ fíìmù."

Ló bá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ fún un: ibà ọmọ, ojú ìyàwó, Ọjọ́bọ̀, irọ́. Ìyá Eegun gbọ́ ọ tán, ó ń fi ẹsẹ̀ lé adìyẹ kan sẹ́yìn.

"O wá ń purọ́ fún ìyàwó rẹ fún ọdún mọ́kànlá?"

"Mo fẹ́ kó lè sùn ni, mà."

"Òun sùn. Ìwọ ńkọ́?"



Yàrá tí wọ́n ń kó oúnjẹ adìyẹ sí ni wọ́n sọ di yàrá òkùnkùn. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta bí ata. Wọ́n fi àpò dí abẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì bo fèrèsé, wọ́n fi àkísà há gbogbo ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà yọjú. Wọ́n to abọ́ mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: omi tó ń yọ àwòrán, omi ṣíṣan, àti omi tó ń jẹ́ kí àwòrán dúró. Nígbà tí òkùnkùn ṣú tí èèyàn kò rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tú kámẹ́rà. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n níta kò gbọ̀n níbẹ̀. Ó ti tú aago ju bó ṣe lè kà lọ. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Fíìmù ti ká jọ síbi kan, ó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ó rọra ń fà á, ó ń fà á.

Ó já. Méjèèjì ló gbọ́ ọ.

"Yéè! Mo ti pa á!"

"Dákẹ́," ni ohùn Ìyá Eegun wí láti inú òkùnkùn. "Fún mi ní èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, kí o wá èkejì. Bí eegun bá dá sí méjì, wọ́n ṣì ń yà á."

Ó di etí fíìmù náà mú ní ìhà méjèèjì, ó ń wọ́ ọ lọ, ó ń wọ́ ọ bọ̀ nínú omi bí ẹni tó ń ṣan aṣọ, ó ń ka iye lábẹ́ ẹnu. Òórùn kíkan gba yàrá náà, ó ń ta ojú. Ọkùnrin náà dúró tì í, kò rí nǹkan kan, gbogbo ohun tó lè ṣe ni kó máa gbọ́ bí omi ṣe ń ró. Nígbà tó yá, Ìyá Eegun ní, "Ó tó. Ṣí ilẹ̀kùn."

Apá tó gùn jù nínú fíìmù náà ti dú bí èédú láti òkè délẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ti ń jò wọ kámẹ́rà náà láti ọdún mọ́kànlá wá, díẹ̀díẹ̀, láti ibi awọ rẹ̀ tó ṣí. Olójú-Méjì mọ ohun tó wà níbẹ̀; ó rántí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí Ẹ̀ga ti fi àlàfo eyín rẹ̀ tó ká hàn, ó ti jóná. Èyí tó ti ń fẹ́ ìfófòó ọṣẹ, ó ti jóná. Èyí tó ti na ọwọ́ sí lẹ́ǹsì pé kí bàbá òun gbé òun, ó ti jóná. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín oúnjẹ adìyẹ, kò lè dìde.

Ìyá Eegun ṣì dúró, ó gbé apá kékeré tó já sókè sí oòrùn. "Nǹkan kan wà níbí," ó ní.

Àwòrán méjì ni, kéékèèké bí èékánná, wọ́n rí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ọkùnrin náà fi awò tó fi ń wo inú aago há ojú, ó tẹjú mọ́ ọn. Ohun tó dúdú di funfun níbẹ̀, ohun tó funfun di dúdú. Ó rí orí ọmọdé tó tẹ̀ wálẹ̀. Ó rí ọwọ́ méjì. Kò rí ojú.

"Kò lójú," ó ní. "Màmá, ọmọ mi kò lójú níbẹ̀!"

"Padà wá lọ́la," ni obìnrin náà wí, ó sì rọ ohùn. "Fíìmù eegun mẹ́ta ló kù nínú páálí mi. A máa tẹ èyí lé e lórí, ká tan iná sí i fírí, kí dúdú lè padà di dúdú. Lọ sílé."

Nígbà tó délé ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ ti gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. "Wọ́n dà?" Ó ní òun gbàgbé kọ́kọ́rọ́ àpótí ni. Irọ́ ń bí irọ́. Obìnrin náà kò bínú, ó kàn gbé àga náà padà sí ipò rẹ̀, ó ní, "Ọ̀la ló kù o."

Ní Ọjọ́rú, fíìmù eegun àkọ́kọ́ dú kanlẹ̀. Iná ti pẹ́ jù lára rẹ̀. Èkejì, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ rárá. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀kẹta, Ìyá Eegun jáde lọ fọ ọwọ́, ó mu omi, ó wọlé padà. Ọkùnrin náà kọjú sí ògiri. Kò tilẹ̀ gbàdúrà, nítorí kò mọ ohun tí òun ì bá sọ. Nígbà tí ó tún gbọ́ "ṣí ilẹ̀kùn," ó kọ́kọ́ kọ̀ láti yíjú padà.

Àwòrán náà jáde.

Aago méjì ọ̀sán kọjá nígbà tó wọlé tọ aya rẹ̀ lọ. Ó dì í sínú aṣọ ìnujú, ohun tí kò ju ìdajì ìka lọ. Obìnrin náà ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá àpótí ń bọ̀. Kò sí àpótí. Nígbà náà ni ọkùnrin yìí kúnlẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀ méjèèjì níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Mi ò fọ̀ ọ́ rí," ó ní. "Láti ọjọ́ yẹn. Àná ni mo ṣí i. Gbogbo rẹ̀ ti jóná. Èyí nìkan ló kù, kò sì fi ojú rẹ̀ hàn."

Obìnrin náà dìde lórí àga.

"Wọ́n wà níbẹ̀," ó ní. "Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n wà níbẹ̀! Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé orí lé nǹkan tí ẹ̀yin fúnra yín ò mọ̀ bóyá ó wà!" Ohùn rẹ̀ ga dé ilé kejì. "Ká ní mo ní kí ẹ gbé e wá lọ́dún àkọ́kọ́, mélòó ni ì bá kù? Ẹ dá mi lóhùn!"

"Ó ṣeé ṣe kó pọ̀," ni ọkọ wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá a jókòó. Ó fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí i, ó gbá a dànù. Nígbà tó yá, ó fa sísọ́ọ̀sì rẹ̀ yọ láti inú àpótí ẹ̀rọ. Ẹ̀rù ba ọkọ. Ó rò pé ó fẹ́ gé e sí wẹ́wẹ́.

"Gbé e wá," ó ní. Kò lo "ẹ" mọ́. "Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n, wàá bà á jẹ́. Níbo ni mo máa gé?"

Ó fi hàn án. Obìnrin tó ti gé aṣọ fún ọgbọ̀n ọdún tẹ orí bọlẹ̀, ó fi ojú ọ̀tún nìkan sún mọ́ ọn, ó gé àwòrán méjèèjì kúrò lára ara wọn láì yẹ̀ sọ́tùn-ún, láì yẹ̀ sósì. Ọkọ tò wọ́n sínú awò, wọ́n jáde sórí àtẹ̀gùn ilé níbi tí oòrùn wà. Obìnrin náà gbé e sójú.

"Kò dáa. Ihò ni mò ń wò. Ògiri wà níwájú, orí wà lẹ́yìn rẹ̀."

Ìgbà náà ló yé ọkùnrin náà: ó ti fi tòsì sí ọ̀tún. Ó tún un tò, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó sì pa ojú ara rẹ̀ dé. Ojú òsì ìyàwó rẹ̀ ti ń rí nǹkan bí ẹni tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Bóyá ó ṣì lágbára tó láti so àwòrán méjì pọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Obìnrin náà yí awò náà díẹ̀ sí oòrùn. Ó tún yí i.

"Há," ó ní wẹ́lẹ́.

Ọwọ́ rẹ̀ kejì gbéra kúrò lórí itan, ó lọ síwájú nínú afẹ́fẹ́, ìka rẹ̀ sì ń ya nǹkan tí kò sí níbẹ̀ sọ́tọ̀.

"Ọwọ́ mi nìyẹn. Mò ń dì í lórí. Ó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi. Ẹ wo etí rẹ̀... ẹ wo bí ọrùn rẹ̀ ṣe rí lẹ́yìn. Mo ti gbàgbé pé ó rí báyìí." Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò dì í tán. Apá ọ̀tún ṣì wà nílẹ̀, ó dúró ṣánṣán. Ó sá jáde lọ bá yín, àbí? Ó ní irun ń dun òun."

"Ó sá jáde," ni ọkọ wí. "Mo ní kó padà, kò gbọ́."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún láàárín, ṣùgbọ́n kò gbé awò náà kúrò lójú. Omijé ń gba abẹ́ rẹ̀ ṣàn. Ọkùnrin náà sún mọ́ ọn, ó béèrè.

"Ṣé wàá dárí jì mí?"

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó. Ọ̀rọ̀ tiyín ń bọ̀."

Ó wò ó títí oòrùn fi kúrò lórí àtẹ̀gùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ, wọ́n gbé e wọlé. Ọkùnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí di ọ̀sán. Ìyá Eegun wá, ó gbé ẹyin dání, ó jókòó tì í, kò sọ ju pé àwọn tó ń yọ ojú níbẹ̀ mọ iṣẹ́ wọn. Wọ́n yọ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, dókítà ní kókó náà kò tíì kọjá ibi tí àwọn gé dé, pé kí wọ́n máa padà wá lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, obìnrin náà kò bá ọkọ rẹ̀ sọ ju ọ̀rọ̀ oògùn àti oúnjẹ lọ. Ó máa ń da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, á nu ún, á tún dà á. Bí ọkọ bá dìde láti ràn án lọ́wọ́, á ní kó jókòó.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ló wọ ṣọ́ọ̀bù aago náà, ó fi báńdéèjì funfun bojú, ó ń fọwọ́ kan etí tábìlì kó má baà kọlù ú. Kò tíì débẹ̀ láti ìgbà tí Ẹ̀ga ti kú. Ó dúró níwájú pẹpẹ kámẹ́rà.

"Mélòó nínú ìwọ̀nyí ni fíìmù ṣì wà nínú rẹ̀?"

Ọkùnrin náà gbé aago tó ń tú sílẹ̀. "Mẹ́rin."

"Ta ló wà nínú wọn?"

Ó fẹ́ sọ nǹkan kan, ó gbé e mì. "Mi ò mọ̀."

Obìnrin náà mi orí. Ó na ọwọ́ sókè, ó ṣì í mú lẹ́ẹ̀kan, ó tún na ọwọ́, ó gbé èyí tó sún mọ́ ọn jù sọ̀ kalẹ̀, ó fi í lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Mo ti bá Ìyá Eegun sọ ọ́. Ó ní a lè wá lónìí. Ẹ ti ṣọ́ọ̀bù."